Ẹbí Inú Ìgò Eégbọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀ ná. Ẹ ní irọ́ ni. Ẹ ní eégbọn kì í lọ síléèwé, báwo ló ṣe máa mọ ẹbí? Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọ mọ́tò lọ sí Másífà, kó béèrè Mọ́rúfù alápatà. Mọ́rúfù ò lè parọ́ kó má rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó máa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹ̀jìgbò ló ti ṣẹlẹ̀, ọdún 1996 wọ 1997, àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, wọn ò kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa dá a sílẹ̀ ni.

Matthias lọ̀rọ̀ kàn. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ní kánsù. Láàárọ̀, á wà ní odò ẹran, á máa yẹ ẹ̀dọ̀ màlúù wò bóyá ó dáa kí wọ́n tó tà á. Lọ́sàn-án, á gun alùpùpù lọ sí abúlé, á fún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́. Dókítà làwọn èèyàn ń pè é. Kò jẹ́wọ́ pé òun ni dókítà, kò sì sẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni, èèyàn jẹ́jẹ́, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ tán, á bẹ ewúrẹ́ pé kó má bínú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Kò mọ ẹni tó bí i.

Bàbá kátíkíìsì kan àti ìyàwó rẹ̀ ní Isundunrin ló tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dún 1954, ìyàwó kátíkíìsì lọ gba ẹrù ní garéèjì Ẹ̀jìgbò lówùúrọ̀ kùtù. Lọ́rì tó ti Kodífuà bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Wọ́n já ẹrù tán, èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, ó wá ku ọmọ jòjòló kan nílẹ̀ lọ́rì. Dírẹ́bà búra pé òun ò gbé ọmọ kankan. Àwọn èrò búra. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn lajú sílẹ̀ ni, ó ń wo gbogbo wọn bí ẹni pé àwọn gan-an ló yẹ kó wá ṣàlàyé. Wọ́n sọ ọ́ ní Matthias, nítorí Matthias inú Bíbélì náà, àyè ẹni tó kúrò ni wọ́n fi í dí.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó lọ tọrọ Ọmọ́wùnmí, táwọn àna bi í pé ọmọ ilé ta ni, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń so okùn bàtà. Sálúbàtà ló sì wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó mọ oríkì tí wọ́n lè kì í. Tí Ọmọ́wùnmí bá fẹ́ kí i láàárọ̀, "ọmọ lọ́rì, ọmọ ẹ̀yìn mọ́tò" ni ó máa ń pè é. Àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti ọkọ ló máa ń kọ́kọ́ tán.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, dókítà gidi dé láti Ìbàdàn. Obìnrin ni, Dókítà Mosúnmọ́lá Oyèbọ̀dé, ó tín-ín-rín, ó yára. Ó bá Matthias àti Mọ́rúfù lórí bẹ́ǹṣì ní odò ẹran. Eégbọn ló ní òun ń wá.

"Ẹ fẹ́ rà á ni?" ni Mọ́rúfù bi í. "Ti màlúù wà. Ti ajá náà wà. Ti ajá ló sanra jù."

"Ohun tó wà nínú eégbọn ni mò ń wá. Fáírọ́ọ̀sì. Ó kéré débi pé erin ni eégbọn lójú ẹ̀. Tí eégbọn bá bu ẹran jẹ, ibẹ̀ ló máa gbà wọlé, á wá dá ibà sí i lára. Ó lè mú èèyàn náà. Mo fẹ́ mọ èwo ló bá èwo tan nínú wọn, àti ibi tí wọ́n ti wá."

Mọ́rúfù fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "Fáírọ́ọ̀sì náà ní ẹbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwé kan nínú ara. Tó bá fẹ́ bímọ, á da ìwé yẹn kọ fún ọmọ. Tó bá wá ṣì í kọ, ọmọ á jogún àṣìṣe yẹn, ọmọ ọmọ náà á jogún ẹ̀. Àwọn tí àṣìṣe wọn bá jọra, ẹbí ni wọ́n."

"Ó yé mi!" Mọ́rúfù fò dìde. "Bí ilé kéwú tiwa ló rí. Àlíù ṣi wàláà ẹ̀ kọ, èmi wo ti Àlíù kọ, Mùtàlíbù wo tèmi kọ. Áfáà rí àṣìṣe kan náà lára wàláà mẹ́ta. Kò bi wá ní nǹkan kan. Ó kàn tò wá bá a ṣe wo ara wa kọ, ó sì nà wá bó ṣe tò wá."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Iṣẹ́ áfáà yẹn gan-an ni mò ń ṣe. Pàṣán nìkan ni mi ò ní."

Ó kó ogójì ìgò kéékèèké fún Matthias, ó fún un ní ẹ̀mú tín-ín-rín kan àti pẹ́ńsùlù. Ó ní kó kọ irú ẹran, orúkọ ìlú, àti nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ẹran náà sára ìgò. Ó wọ mọ́tò, ó padà sí Ìbàdàn.

Matthias ro ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí lọ, ó rò ó bọ̀. Ta ló ń fi nọ́ńbà mọ ẹran ní Ẹ̀jìgbò? Tí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu rẹ, o ò ní sọ pé nọ́ńbà kẹrìnlá ló jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ Bàrákátù ló jẹ ẹ́, wàá sì lọ bá Bàrákátù nílé. Bó ṣe jẹ́ pé orúkọ ẹni tó ni ẹran ni ó kọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Lójú tiẹ̀, ó bá dókítà tún iṣẹ́ ṣe ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rìn. Ó mú lára màlúù Mọ́rúfù ní Másífà. Ó mú lára ewúrẹ́ Bàrákátù, ẹ̀gbọ́n Mọ́rúfù obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ìgò kọkàndínlógójì ló gbé dé ọ̀dọ̀ Màmá Sàrátù.

Màmá Sàrátù ti lé lọ́gọ́ta. Kodífuà ló ti ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé lọ́dún 1980. Ọmọ àbúrò kún ilé ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n kún un. Ọmọ tiẹ̀ ò sí níbẹ̀, èèyàn ò sì jẹ́ béèrè. Ó so àgbò kan mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ ọ́ ní Pàtúróònù, ìyẹn ọ̀gá, lédè àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀.

"Bọ́ńjúù, dókítà ewúrẹ́!"

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Kí lo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ Pàtúróònù? Ó ti gba abẹ́rẹ́."

"Eégbọn ni, Màmá."

"Eégbọn? Kánsù ò ríṣẹ́ fún yín ṣe mọ́? Ó dáa, mú un. Ṣùgbọ́n kí i ná. Kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun láìkí òun."

Matthias kí àgbò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀mú yọ eégbọn mẹ́ta lábẹ́ etí rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Màmá Sàrátù ń wò ó. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó yára yíjú.

"O ti rù," ló wí. "Jókòó, kó o jẹun. Ọmọ́wùnmí ń fi ebi pa ọ́."

"Kò fi ebi pa mí, Màmá."

"Ṣé èmi àti ẹ máa jiyàn lórí egungun tí mò ń fojú ara mi rí? Jókòó."

Ó jókòó. Ó jẹ àtìkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Kodífuà, àti ẹja díndín. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìgò kan ṣẹ́ kù tí ò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tó délé, ó yọ eégbọn kan lára ajá tiẹ̀, Tanímọ̀la, ó fi dí àyè. Ó kọ Matthias sí i.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó to ogójì ìgò sórí tábìlì kó lè yẹ̀ wọ́n wò, Ọmọ́wùnmí gbé láńtà dání. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kírí. Kírí. Ó kéré gan-an. Ẹsẹ̀ eégbọn lára ìgò ni.

Ó ń dún, ó ń dún. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ́wùnmí sún láńtà mọ́ ọn. Eégbọn inú ìgò Mọ́rúfù ti kóra jọ sí apá ọ̀tún. Ti Bàrákátù kóra jọ sí apá òsì. Ńṣe ni wọ́n kọjú síra wọn, gíláàsì ló wà láàárín. Ti àwọn mìíràn náà rí bẹ́ẹ̀, méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, bí èrò níbi ìdúpẹ́.

"Bàbá Fadékẹ́mi," ni Ọmọ́wùnmí wí, "wọ́n ń kí ara wọn."

Matthias yí ìgò Mọ́rúfù padà. Kírí. Kírí. Wọ́n rìn padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Eégbọn kan ṣoṣo tó wà nínú ìgò tiẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó kọjú síbì kan. Matthias ò wo ìgò tó kọjú sí. Ó kó gbogbo wọn sínú páálí, ó dé e, ó gbé Bíbélì lé e. Ó ní Bíbélì náà wúwo ni.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé páálí náà lọ bá dókítà ní Ìbàdàn, ó sì sọ fún un. Dókítà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, èémí èèyàn ni eégbọn máa ń gbóòórùn, ibi tí èèyàn bá wà ni wọ́n máa kọjú sí. Matthias gbà. Ṣùgbọ́n òun àti Ọmọ́wùnmí, apá kan náà ni wọ́n jọ dúró sí.

Wọ́n kó ìwé inú àwọn fáírọ́ọ̀sì náà lọ sí òkè òkun, níbi tí ẹ̀rọ tó lè kà á wà. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Dókítà Mosúnmọ́lá padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ọ́fíìsì kánsù, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tẹ́ pépà gbọọrọ kan sórí tábìlì. Wọ́n ya igi sí i. Ìdí igi wà lápá kan, ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka, orúkọ sì wà lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí, "ta làwọn èèyàn yìí?"

"Àwọn tó ni ẹran ni, mà."

"Nọ́ńbà ni mo ní kẹ́ ẹ kọ."

Matthias ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nígbà tí ojú ẹ̀ bọ́ sí pépà náà. Mọ́rúfù àti Bàrákátù wà lórí ẹ̀ka kan, bí ìka méjì. Àwọn ọmọ agboolé kan náà wà pa pọ̀. Olújídé tún wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé Másífà ni bàbá ẹ̀ ti wá, Isundunrin ni ìyá ẹ̀. Ẹ̀ka tiẹ̀ wà láàárín ẹ̀ka ìlú méjèèjì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ̀yin náà mọ ìtàn ìlú wa ju—"

Ojú dókítà ò rẹ́rìn-ín. Tiẹ̀ náà kú sí i lẹ́nu.

"Fáírọ́ọ̀sì ló wà níbí," ni dókítà rọra wí. "Ti inú eégbọn. Tó wà lára ẹran. Ṣakí ni Mọ́rúfù ti ra màlúù yẹn. Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n bí ewúrẹ́ Bàrákátù sí. Ẹran méjèèjì ò ríra wọn rí. Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ẹbí ẹni tó ra wọ́n?"

Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ.

Matthias rí orúkọ tiẹ̀ nísàlẹ̀ pépà. Ó fi àtàǹpàkò bo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọdún méjìlélógójì ló fi wá nǹkan yìí. Ó wá kù díẹ̀ kó gbé ọwọ́ kúrò, ọwọ́ ò gbé.

"Ẹ má tíì wò ó," ni dókítà wí. "Ó ní láti jẹ́ pé àṣìṣe wà níbì kan. A máa tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí dókítà fúnra ẹ̀ ló mú ẹ̀mú dání. Èèyàn mẹ́jọ péré ni, nọ́ńbà ló kọ, ìwé tó fi mọ ẹni tó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ò kúrò nínú báàgì ẹ̀. Kò gbà kí ẹran kankan jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Màlúù mìíràn ni fún Mọ́rúfù, ewúrẹ́ mìíràn fún Bàrákátù. Wọ́n ti jẹ Pàtúróònù nígbà Iléyá, kí Ọlọ́run má bínú sí wa, ó dùn. Àgbò tuntun tó wà nílé Màmá Sàrátù ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní ti Matthias, dókítà ní kó lọ ra ewúrẹ́ lọ́jà Ìwó láàárọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n yọ eégbọn lára ẹ̀. Ewúrẹ́ náà ò tíì mọ ẹni tó ra òun.

Láàárín àwọn oṣù tí wọ́n fi ń retí èsì, Matthias ò sùn dáadáa. Ọmọ́wùnmí á jí, á bá a tó jókòó.

"Bàbá Fadékẹ́mi, tí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan ńkọ́?"

"Mà á lọ kí i."

"Tí wọn ò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Mà á ṣì jẹ́ ọmọ lọ́rì rẹ."

Ọmọ́wùnmí ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Oṣù kẹfà ọdún 1997, dókítà dé. Kò wọ ọ́fíìsì. Ó ní kí Matthias bọ́ sínú mọ́tò, kó mú ìyàwó ẹ̀ dání. Mọ́rúfù wà níbẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò lè fi òun sílẹ̀, ó bá wọn wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dókítà lanu lójú ọ̀nà.

"Bó ṣe rí nígbà àkọ́kọ́ náà ló rí. Gbogbo ẹ̀. Mi ò lè kọ ọ́ síbì kankan."

"Tèmi ńkọ́?" ni Matthias bi í.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àṣìṣe bí mẹ́wàá ló máa ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ìwé tiwọn. Láàárín tiyín àti ti ẹni tí ẹ jọ wà lórí ẹ̀ka, ọ̀kan péré ni. Bí ẹni pé ìwé kan ni wọ́n fi da èkejì kọ, tààràtà."

Mọ́tò dúró. Matthias wo ìta. Iwájú ilé Màmá Sàrátù ni wọ́n wà.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun mágíríbì. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lápá kejì òpópónà dákẹ́, àwọn ọmọdé inú ilé dákẹ́. Àgbò tuntun tó ń jẹ èèpo iṣu gbé orí sókè, kò rún ẹnu mọ́. Màmá Sàrátù jókòó sórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan, bí ẹni tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí.

"Màmá," ni dókítà bẹ̀rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a ní ìbéèrè kan—"

"Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n fúnra mi, mà," ni Matthias wí.

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tútù náà. Kò dìde. Àgbàlagbà, irun funfun ti wà lórí ẹ̀, ohùn ẹ̀ wá dà bí ti ọmọ iléèwé.

"Màmá, ẹ dákun. Ṣé ẹ ti bímọ rí?"

Màmá Sàrátù rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti padà dé Ẹ̀jìgbò," ló wí. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. O ṣé o. Mo bí ọ̀kan. Buaké ni, ní Kodífuà. Ọkùnrin ni."

Ọmọ́wùnmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi ti ń bọ́ lójú Mọ́rúfù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ti ń wá ẹni tó máa dì mọ́.

"Sún mọ́ mi," ni Màmá Sàrátù wí.

Matthias fi orúnkún rìn dé iwájú ẹ̀. Màmá gbé ojú ẹ̀ sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kù. Ó fi ìka tọ ojú, ó tọ imú, ó tọ etí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti mọ̀ sórí.

"Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ wọlé yìí ni mo ti dá ọ mọ̀," ló wí. "Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, o ò ní wá mọ́."

"Màmá mi," ni Matthias wí. Kò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

"Ọjọ́ mọ́kànlá lo lò láyé. Ibà ló pa ọ́. Èmi ni mo wẹ̀ ọ́, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo fi wẹ̀ ọ́, mi ò fẹ́ kí òtútù mú ọ. Bàbá rẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo dúró lójú fèrèsé títí wọ́n fi bò ọ́. Ọjọ́ méje gbáko ni mi ò kúrò lójú fèrèsé yẹn, ẹnikẹ́ni ò débẹ̀, ilẹ̀ náà ò mì."

Mọ́rúfù ò rẹ́rìn-ín mọ́. Dókítà ti kó pépà ẹ̀ mọ́ àyà, ó rọra fi ẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ ìyá ò kúrò lójú ọmọ. Ó fi àtàǹpàkò nu omijé ẹ̀, ó tẹrí mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Ẹ̀rù ò bà mí mọ́, ọmọ mi. Sọ fún mi, kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ta ló hú ọ fún mi?"